Ajá bàbá yín: ìfẹ́ ni, ẹ̀kọ́ ni, àbí oúnjẹ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Bàbá wa ní ajá kan tó ń jẹ́ Bíńgò. Wọn kì í jágbe mọ́ ọn, wọn kì í nà án. Bí wọ́n bá rọra sọ pé "jókòó", á jókòó. Bí wọ́n bá ń rìn, ẹ̀gbẹ́ orúnkún wọn ló máa ń wà láìsí okùn lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí àìsàn gbé wọn dé ilé ìwòsàn, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni Bíńgò ń lọ dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ní àsìkò tí wọ́n máa ń wọlé. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á dìde. Bàbá kò padà wálé mọ́. Àwa la wá ń bọ́ ajá náà, síbẹ̀ ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù púpọ̀ kí òun náà tó kú. Títí di òní, bí àwa ọmọ bá ti pàdé, ọ̀rọ̀ Bíńgò ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní oúnjẹ lásán ni ajá ń wá, pé àṣà ló mọ́ ọn lára. Èmi ní ìfẹ́ ni. Ta ló tọ̀nà nínú wa? Mo sì ti gba ọmọ ajá ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ kan báyìí. Báwo ni mo ṣe máa kọ́ ọ kó lè dà bíi Bíńgò? Ṣé mo lè sọ òun náà ní Bíńgò?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá o. Irú bàbá yín wọ̀nyí ni mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo alájá tí iṣẹ́ yìí ti jẹ́ kí n mọ̀. Bí wọ́n bá mú ajá wọn wá sọ́dọ̀ mi, n kì í gbọ́ ariwo, n kì í rí okùn tó le tantan. Ajá á wò wọ́n lójú, wọn á mi orí díẹ̀, ajá á dùbúlẹ̀ sábẹ́ àga. Ó máa ń wù mí kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí n kàn máa wò wọ́n.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ẹ̀yin lẹ tọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n yín náà kò parọ́. Oúnjẹ ló kọ́kọ́ ń fa ajá mọ́ ènìyàn, ìṣe ojoojúmọ́ ló sì ń jẹ́ kó mọ ìgbà tí ènìyàn yóò dé. Ohun tí ẹ̀gbọ́n yín kò kà mọ́ ọn ni pé ẹ̀yin tí ẹ wà nílé lẹ ń bọ́ Bíńgò ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn. Bó bá jẹ́ oúnjẹ nìkan ló ń wá, ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni ì bá lọ dùbúlẹ̀ sí. Ẹnu ọ̀nà tí bàbá ń gbà wọlé ló lọ.

Irú àríyànjiyàn yín yìí, wọ́n ti ṣe é rí lórí Hachikō. Ẹ lè ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ajá ẹ̀yà Akita ni, wọ́n bí i ní Ōdate ní ilẹ̀ Japan lọ́dún 1923. Hidesaburō Ueno, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Tokyo, ló gbà á tọ́ lọ́dún tó tẹ̀lé e. Bí Ueno bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, Hachikō á ti lọ dúró dè é ní ibùdókọ̀ ojú irin Shibuya. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1925, Ueno kú lójijì níbi iṣẹ́. Ajá náà kò jáwọ́. Ó ń lọ sí Shibuya títí tó fi kú ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta ọdún 1935. Àwọn kan ní ẹran tí àwọn èèyàn ibùdókọ̀ ń fún un ló ń bá lọ. Òótọ́ ni pé wọ́n fún un. Nígbà tí wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò lẹ́yìn ikú rẹ̀, igi tí wọ́n fi ń gún ẹran sísun wà nínú ikùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọdún ṣe tẹ̀lé ara wọn. Ọdún 1932 ni ìwé ìròyìn kọ nípa rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́ ẹ. Láti 1925 títí di ìgbà náà, ajá aláìníláárí tó ń dí ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ wọn kà á sí. Wọ́n ń lé e, àwọn mìíràn ń lù ú. Nílé, ọkùnrin tó ń tọ́jú ọgbà Ueno tẹ́lẹ̀ ló gbà á sọ́dọ̀, ó sì ń bọ́ ọ. Ajá wo ni yóò fi oúnjẹ ilé sílẹ̀ lọ wá ẹran síbi tí wọ́n ti ń lù ú?

Wọ́n gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ ní Shibuya lọ́dún 1934, òun fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ère mìíràn tí wọ́n gbé sí Yunifásítì Tokyo lọ́dún 2015, nígbà tó pé ọgọ́rin ọdún tí ajá náà kú. Nínú ère yẹn, Ueno ti dé, àpò iṣẹ́ rẹ̀ ti wà nílẹ̀, ajá náà sì ti fò mọ́ ọn. Ẹni tó ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ mọ ajá.

Ìtàn Bobby náà wà ní ìlú Edinburgh, ajá tí wọ́n ní ó ṣọ́ sàréè olówó rẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá. N kò ní fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí fún yín. Awuyewuye tó wà lórí rẹ̀ pọ̀ jù, àwọn kan tilẹ̀ gbà pé ajá méjì ni wọ́n fi orúkọ kan pè. Ti Hachikō tó wa.

Kí ló wá fà á? Lójú tèmi, ìṣòótọ́ kì í ṣe ohun tí à ń kọ́ ajá. Jíjókòó, dídúró, wíwá nígbà tí a bá pè é, ìwọ̀nyí là ń kọ́ ọ. Ìṣòótọ́ ni ajá fi ń dá ẹni tó jẹ́ olóòótọ́ sí i lóhùn. Bàbá yín ń wọlé ní àsìkò kan náà. "Jókòó" tí wọ́n sọ lánàá náà ni wọ́n sọ lónìí, kò yí padà nítorí pé inú ń bí wọn. Wọn kì í pè é tìfẹ́tìfẹ́ kí wọ́n wá gbá a létí nígbà tó bá dé. Fún ọdún púpọ̀ ni Bíńgò fi rí i pé bí ọkùnrin yìí bá jáde, yóò padà dé. Ẹni tí kò já a kulẹ̀ rí ló ń dúró dè.

Ènìyàn ló sì kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ṣe é. Nílẹ̀ Jámánì, ní Bonn-Oberkassel, àwọn òṣìṣẹ́ hú sàréè kan jáde lọ́dún 1914. Egungun ọkùnrin kan, obìnrin kan àti ajá ló wà nínú rẹ̀, ó sì ti tó nǹkan bí ọdún 14,000 tí wọ́n ti sin wọ́n. Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ tó tún eyín ajá náà yẹ̀ wò sọ pé ọmọ ajá ni, kò tíì ju oṣù méje lọ, àmì tó wà lára eyín rẹ̀ sì fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí àrùn distemper ti bá a jà, kó lọ, kó tún padà. Mo ti tọ́jú ajá tó ní àrùn yìí. Á máa bì, á máa ṣu omi, ikun á dí imú àti ojú rẹ̀, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Èèyàn ní láti máa nù ún, kó máa fi omi sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, kó jẹ́ kí ara rẹ̀ móoru, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọmọ ajá yẹn kò lè ṣọdẹ, kò lè ṣọ́lé. Síbẹ̀ ẹnì kan tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nígbà tó sì kú, inú sàréè ènìyàn ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Mi ò mọ ìtàn ajá tó wọ̀ mí lọ́kàn ju èyí lọ.

Ohun tó wà láàárín ajá àti alájá tilẹ̀ ń hàn nínú ara. Lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Azabu ní Japan tẹ iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n ní bí ajá àti ẹni tó ni ín bá ń wo ara wọn lójú pẹ́, oxytocin máa ń pọ̀ sí i lára àwọn méjèèjì. Èyí ni omi ara tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ìyá bá ń wo ọmọ tuntun rẹ̀ lójú. Wọ́n dán ìkookò tí ènìyàn tọ́ dàgbà wò, kò rí bẹ́ẹ̀ lára wọn. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá tún sọ pé àṣà lásán ni, ẹ sọ ti èyí fún wọn.

Mo gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ kan kún un kí n tó kúrò lórí ìfẹ́, nítorí ó máa ń bà mí nínú jẹ́. Àwọn èèyàn ń fi ìdùnnú sọ fún mi pé ajá àwọn fẹ́ràn àwọn débi pé kò lè dá wà. Bí wọ́n bá jáde, á máa hu, á máa họ ilẹ̀kùn títí èékánná rẹ̀ yóò fi máa ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rù nìyẹn, kì í ṣe ìfẹ́. Kò dá a lójú pé ẹni tó jáde yóò padà wá. Bíńgò dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, ilẹ̀ ṣú, ó dìde lọ sùn. Ọkàn tó balẹ̀ ló ń dúró báyẹn, bàbá yín ló sì fún un ní ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn. Tí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ ajá yín ní irú rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Ẹ fi í sílẹ̀ ní yàrá kan fún ìṣẹ́jú kan, ẹ padà wọlé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kí ẹ má ṣe é ní ayẹyẹ. Lọ́jọ́ kejì, ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i.

Ó kù ti ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Àsìkò tó dára lẹ gbà á. Láti bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ọ̀sẹ̀ kejìlá tàbí kẹrìnlá ni ọmọ ajá ń mọ ohun tó jẹ́ ti ilé àti ohun tó yẹ kó bẹ̀rù. John Paul Scott àti John Fuller ló fi ọdún púpọ̀ ṣe ìwádìí èyí ní Bar Harbor ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1965 ni àwa tó ń kọ́ ajá ṣì ń tẹ̀ lé. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó ń bọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kó rí arúgbó tó ń tẹ̀pá, ọmọdé tó ń sáré, ẹni tó dé fìlà, ẹni tó gbé ẹrù ńlá. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ìró ọkọ̀ àti ìró ìkòkò tó já bọ́. Bí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kò bá tíì pé, ẹ gbé e lọ́wọ́ níbi tí ajá mìíràn bá ti ń rìn. Ojú àti etí rẹ̀ lẹ fẹ́ kó lò, kò pọn dandan kó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Bí nǹkan bá sì bà á lẹ́rù, ẹ má tì í síwájú. Ẹ jìnnà sí i díẹ̀, ẹ jókòó, kó wò ó títí yóò fi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ súnmọ́ ọn.

"Jókòó" ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló rọrùn jù. Ẹ mú oúnjẹ bíńtín, kó má tóbi ju èékánná ìka tó kéré jù lọ́wọ́ yín lọ. Ẹ fi síwájú imú rẹ̀ kó gbóòórùn rẹ̀, kí ẹ wá rọra gbé e gba òkè orí rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Bí imú ṣe ń tẹ̀ lé ọwọ́ yín lọ sókè, ìdí rẹ̀ yóò máa bọ̀ wá sílẹ̀. Gẹ́lẹ́ tí ìdí bá kan ilẹ̀, ẹ sọ pé "ó káre", kí oúnjẹ bọ́ sí i lẹ́nu. Gẹ́lẹ́ yẹn ni mo wí. Bí ẹ bá fi pẹ́ tó fi dìde kó tó rí i gbà, dídìde lẹ san èrè fún. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ajá àwọn lóríkunkun, ọwọ́ wọn ló ń pẹ́. Nígbà tó bá ti mọ̀ ọ́n dáadáa, kí ọwọ́ òfìfo máa ṣe bẹ́ẹ̀, kí oúnjẹ máa ti ọwọ́ kejì wá. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá fi ọ̀rọ̀ sí i: "jókòó", ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹni tó bá ń sọ pé "jókòó, jókòó, mo ní kó o jókòó" ń kọ́ ajá pé ìgbà kẹta ni ọ̀rọ̀ tó di òótọ́.

Ohùn bàbá yín tó lọ sílẹ̀ yẹn, ọgbọ́n ńlá ni. Etí ajá ń gbọ́ ohùn tó tinrín tó nǹkan bíi 45,000 Hz (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe tinrín tó), nígbà tí tiwa kì í ju 20,000 lọ. Kò sí ìdí tí a fi ń pariwo mọ́ ọn. Ohun tó ń fetí sí ni ìwà tó wà nínú ohùn. Onímọ̀ kan, Attila Andics, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Budapest ní ilẹ̀ Hungary kọ́ àwọn ajá kan láti máa dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ nínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ. Wọn kò dè wọ́n, wọn kò fún wọn lóògùn oorun, wọ́n kàn kọ́ wọn ni, ajá kọ̀ọ̀kan sì lè jáde nígbà tó bá wù ú. Èyí nìkan tó kí ènìyàn ṣí fìlà fún wọn. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2016, wọ́n rí i pé ibi tí ọpọlọ ajá ti ń gbádùn èrè máa ń tají bí wọ́n bá fi ohùn ìyìn sọ ọ̀rọ̀ ìyìn. Bí wọ́n bá fi ohùn gbígbẹ sọ ọ̀rọ̀ ìyìn, tàbí wọ́n fi ohùn dídùn sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní ìyìn nínú, kò tají bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe sọ "ó káre" fún ajá bí kò bá ti inú yín wá. Ó mọ̀.

Ẹ kọ́ ọ ní àmì ọwọ́ pẹ̀lú. Mo mọ ìyá kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, pẹ̀lú abo ajá rẹ̀ tó ní àmì funfun láyà. Láti kékeré ni ìyá yìí ti ń gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ bí wọ́n bá sọ pé "dúró", tí wọ́n sì ń dojú àtẹ́lẹwọ́ délẹ̀ bí wọ́n bá sọ pé "dùbúlẹ̀". Ọdún ń lọ, àìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn wọn. Ohùn náà di kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kò pẹ́, kò jáde mọ́ rárá. Ọwọ́ wọn náà ń gbọ̀n. Mo lọ kí wọn nílé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Bí mo ṣe kan ilẹ̀kùn, ajá náà dìde, ó wẹ̀yìn wo ìyá. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn gbéra lórí àga, kò ju ìwọ̀n ìbú ìka mẹ́ta lọ. Ajá dúró. Ó dúró títí mo fi ṣílẹ̀kùn, tí mo wọlé, tí mo jókòó. Ìyá wá dojú àtẹ́lẹwọ́ délẹ̀, ó dùbúlẹ̀ lé ẹsẹ̀ wọn. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn tó ṣì ń gbọ́ ohun tí ìyá ń sọ àfi ajá yìí. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ nígbà tí ara wọn ṣì le ló wá ń wúlò fún wọn lọ́jọ́ alẹ́. Bí mo bá ń rántí àwọn ajá tó gba ẹ̀kọ́, òun ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn.

Wíwá nígbà tí a bá pè é ló ṣòro jù, òun ló sì lè gba ẹ̀mí ajá là. Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ní ti àwọn ajá tí mo mọ̀, wọ́n gbọ́ fèrè náà dáadáa. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí wọn nígbà tí wọ́n bá jẹ́ ìpè ni wọn kò fẹ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe pe ajá yín láé kí ẹ tó bá a wí, tàbí kí ẹ tó wẹ̀ ẹ́ bí kò bá fẹ́ràn ìwẹ̀. Bí ohun tí kò fẹ́ bá di dandan, ẹ fẹsẹ̀ yín rìn lọ mú un. Bó bá jẹ́ ìpè, kódà bó bá ti sá kiri fún wákàtí kan kó tó dé, ìdùnnú ni kó bá lọ́wọ́ yín. Mo mọ̀ pé ó ṣòro nígbà tí àyà èèyàn ti já. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ náà. Títí yóò fi mọ̀ ọ́n, okùn gígùn ni kó wà lọ́rùn rẹ̀ níta, kó má bàa rí i pé òun lè kọ etí dídi sí yín.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ìgbọràn lè dé, ẹ wo àwọn tó ń fi ajá da àgùntàn. Olùṣọ́ àgùntàn á dúró lẹ́sẹ̀ òkè, ajá á wà lókè lọ́hùn-ún tí ojú ẹ̀dá fi rí i bí àmì kékeré. Ìró fèrè kan, ajá gba ọ̀tún yí agbo ká. Ìró mìíràn, ó gba òsì. Òmíràn, ó lulẹ̀ mọ́ ibi tó wà. Wọ́n ti ń ṣe ìdíje rẹ̀ ní Bala, ní ilẹ̀ Wales, láti ọdún 1873. Ajá tí wọn kò lè gbàgbé láàárín wọn ni Old Hemp, tí wọ́n bí sọ́wọ́ Adam Telfer ní Northumberland lọ́dún 1893. Ohun tí àwọn èèyàn ń rántí nípa rẹ̀ ni pé ajá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Ojú lásán ló fi ń wo àgùntàn, wọn á sì lọ. Ìran rẹ̀ ló kún ilé àwọn tó ń sin Border Collie, ẹ̀yà ajá tó ń da àgùntàn, títí di òní.

Ẹ kíyèsí i o, mi ò ní kí ẹ lọ ra ẹ̀yà kan pàtó. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n fi ajá tó lé ní 18,000 ṣe, tó jáde lọ́dún 2022, fi hàn pé ẹ̀yà kò ṣàlàyé ju nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 lọ nínú ìyàtọ̀ ìwà tó wà láàárín ajá kan sí èkejì. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín tó yín.

Sùúrù ńkọ́? John Pilley, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti fẹ̀yìn tì ní Amẹ́ríkà, kọ́ abo ajá rẹ̀ tó ń jẹ́ Chaser ní orúkọ ohun ìṣeré 1,022. Ọdún mẹ́ta ló gbà á, wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún lóòjọ́. Orúkọ pọ̀ débi pé ó ní láti fi gègé kọ ọ́ sára ohun ìṣeré kọ̀ọ̀kan, kí òun náà má bàa gbàgbé. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn gidigidi. Ẹ̀yin kò nílò ìdajì ìdajì rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, kí ẹ dáwọ́ dúró nígbà tó ṣì ń wù ú.

Ohun kan ṣì wà tó ga ju ìgbọràn lọ. Morris Frank fọ́jú kó tó pé ogún ọdún. Lọ́dún 1928, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Switzerland lọ́dọ̀ Dorothy Harrison Eustis, obìnrin kan tó ń kọ́ ajá níbẹ̀, ó sì padà wá sí Amẹ́ríkà pẹ̀lú abo ajá tó ń mú afọ́jú rìn, tó pè ní Buddy. Ní New York, àwọn oníròyìn ní kó sọdá títì kan tó gbòòrò tí ọkọ̀ pọ̀ sí. Ó di ìjánu Buddy mú, ó ní kó máa lọ, wọ́n sì sọdá. Lára ohun tí wọ́n kọ́ irú ajá yìí ni pé kó kọ àṣẹ. Bí afọ́jú bá ní "ó yá" tí ọkọ̀ sì ń bọ̀, ajá á dúró gbagidi, kódà á fi ara dí i lọ́nà. Ajá tí wọ́n fi ìyà kọ́ kò lè ṣe èyí, torí ẹ̀rù ẹni tó ń pàṣẹ yóò ju ẹ̀rù ọkọ̀ lọ lójú rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, Michael Hingson, afọ́jú mìíràn, wà ní àjà 78 ní World Trade Center, ilé gíga kan ní New York, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú kọlu ilé náà. Ajá rẹ̀, Roselle, ń sùn lábẹ́ tábìlì. Nígbà tí àwọn tó wà níbẹ̀ ń pariwo, Hingson kíyèsí i pé ara Roselle balẹ̀, òun náà fi ìyẹn fara balẹ̀, wọ́n sì jọ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tó lé ní 1,400. Ta ló ń tẹ̀ lé ta nínú àwọn méjèèjì? Mo rò pé ibẹ̀ ni bàbá yín àti Bíńgò náà dé.

Ẹ má retí rẹ̀ lọ́dún yìí. Bíńgò tí ẹ rántí ti dàgbà, ìwà rẹ̀ ti tò. Ẹ bi ẹni tó dàgbà nínú ilé bí ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣe rí, ẹ óò gbọ́ ọ̀rọ̀ bàtà tó jẹ àti ibi tó tọ̀ sí. Bí tiyín bá tọ̀ sílẹ̀, ẹ nù ún, ẹ máa tètè mú un jáde tó bá jí àti tó bá jẹun tán. Bí ẹ bá bá a wí lẹ́yìn tó ti ṣe é tán, kò ní mọ ohun tí ẹ ń torí rẹ̀ bínú. Láti oṣù kẹfà títí dé nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀, yóò máa ṣe bí ẹni pé kò gbọ́ "jókòó" rí. Ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ẹ máa kọ́ ọ lọ láìbínú. Inú oṣù wọ̀nyẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ̀rètí nù tí wọ́n ń fi ajá tọrẹ, nígbà tó jẹ́ pé ó kù díẹ̀ kó gbọ́n.

Ní ti orúkọ, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Buddy àkọ́kọ́ kú lọ́dún 1938, gbogbo ajá tí Morris Frank sì ní lẹ́yìn rẹ̀ títí tó fi kú, Buddy ló sọ wọ́n. Bó bá wù yín, ẹ sọ ọ́ ní Bíńgò. Kí ẹ ṣáà má ṣe fi orúkọ náà bá a wí, nítorí orúkọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìró tó máa ń dùn mọ́ ajá. Kí gbogbo ilé sì fẹnu kò sórí ọ̀rọ̀ kan fún iṣẹ́ kan, kí ẹnì kan má máa sọ "dùbúlẹ̀" kí èkejì máa sọ "sùn". Bí ẹ̀gbọ́n yín bá wá kí yín, ẹ fi oúnjẹ bíńtín lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n rìn lọ sí ìkángun yàrá, kí wọ́n pe Bíńgò tuntun lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n dúró dè é.